Ọwọ́ Tí Ó Kan Etí: Ìtàn Ọjọ́-Orí Ọmọ àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Èkó

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Mushin, ní Surulere àti ní Yaba. Bàbá á ní ọmọ ti tó wọ kíláàsì kìíní. Ìyá á ní kò tíì tó. Ìyá àgbà á ní ọmọ ojúlé kejì, tí wọ́n jọ bí lóṣù kan náà, ti wà ní kíláàsì kejì. Nígbà tí ó bá di oṣù keje, tí káàdì èsì ìdánwò dé, tí ọmọ sì gba ipò kejìlélọ́gbọ̀n nínú ọmọ márùndínlógójì, ẹjọ́ mìíràn á bẹ̀rẹ̀. Wọn á ní olódo ni. Wọn á ní eré ló pọ̀ lójú rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan béèrè pé: ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yìí, ọmọ ọdún mélòó sì ni àwọn tí wọ́n jọ jókòó?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ìjọba ti fi òfin dáhùn rẹ̀, àwọn hẹ́dìmásítà ti fi ọwọ́ àti etí ọmọ dáhùn rẹ̀, àwọn àfáà ti fi wàláà dáhùn rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìgbàlódé náà sì ti fi ìṣirò dáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ìtàn náà, kí á lè mọ ohun tí ọjọ́-orí ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ ọmọ, kí á sì mọ ohun tí kò lè ṣe.

NÍGBÀ WÀLÁÀ

Kí òyìnbó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Èkó ni ilé-kéú ti wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àfáà, abẹ́ igi tàbí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí ni àwọn ọmọ ti ń kéú. Ohun kan wà nínú ètò ilé-kéú àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí, òun ni pé kò sí kíláàsì níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lè jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá lórí ẹní kan náà, wàláà oníkálukú ni yóò sì sọ ibi tí ó dé. Ọmọ tí ó bá ti mọ ohun tí àfáà kọ sí wàláà rẹ̀ á fọ̀ ọ́, àfáà á sì kọ òmíràn fún un. Ọmọ tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n kò ní fọ wàláà. Bí ọmọ kan bá tètè parí Alùkùránì, tí èkejì sì lo ìlọ́po ọdún rẹ̀, wòlímọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò ṣe, aṣọ funfun kan náà ni wọn yóò wọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò máa ka ọdún lé èkejì lórí.

Kì í ṣe pé ẹ̀sìn wa kò ka ọjọ́-orí sí o. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ọdún méje ṣe ìgbà tí òbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ láṣẹ ìrun, ó sì fi ọdún mẹ́wàá ṣe ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò le sí i. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó wà láàrin méjèèjì, ọdún sùúrù àti àkọ́túnkọ́ ni. Ìtàn tún fi yé wa pé Imam Shafi'i ti há Alùkùránì sórí ní ọmọ ọdún méje, àti pé Ibn Sina há a ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ìtàn máa dárúkọ wọn ni pé irú wọn kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fi Imam Shafi'i díwọ̀n gbogbo ọmọ àdúgbò ń fi ìyanu ṣe òfin.

Ọ̀mọ̀wé ńlá nì, Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní ìlú Tunis ní ọdún 1332, kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé nínú ìwé rẹ̀ tí a mọ̀ sí Muqaddimah. Ó ṣàlàyé pé ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ: àwọn ará Maghrib gba Alùkùránì nìkan mú ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará Andalus sì fi ewì, èdè Lárúbáwá àti ìkọ̀wé pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni kí á máa fi ìmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, bí òye rẹ̀ bá ṣe ń gbà, ó sì kìlọ̀ pé líle mọ́ ọmọ ní àlejù ń ba ìwà ọmọ jẹ́. Ó ti ju 600 ọdún lọ tí ó ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì gbó.

KÍLÁÀSÌ DÉ

Ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó ni ó mú kíláàsì wá: kí á kó ọmọ ogójì sójú kan, kí á kọ́ wọn ní ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí á sì fi ìdánwò kan náà dán wọn wò ní ìparí ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí Èkó sá fún un, nítorí ọwọ́ àwọn oníwàásù ìjọ Kristi ni ilé-ẹ̀kọ́ wà, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn ọmọ yóò bá a lọ. Ní ọdún 1896 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà, tí Edward Blyden sì sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ó lè ṣeé ṣe. Irú rẹ̀ tún wà ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí fi ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn fúnra wọn, kí ọmọ lè ka ìwé òyìnbó láì gbàgbé ìrun.

Ọdún mẹ́jọ ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbà láyé ìgbà náà. Ọjọ́-orí tí ọmọ fi wọlé kò ní òǹkà kan pàtó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tètè rí owó á wọlé ní kékeré. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sìn ní oko tàbí tí ó kọ́kọ́ parí kéú á wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun ìtìjú nígbà náà kí ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ti ń hù jókòó ní Sítáńdáàdì Sísì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n di tíṣà, akọ̀wé àti oníṣòwò ńlá ni ó bá ọ̀nà yìí kọjá.

Ẹni mélòó ni ó tilẹ̀ mọ ọjọ́-ìbí rẹ̀ nígbà náà? Ìṣẹ̀lẹ̀ ni àwọn òbí fi ń ṣírò ọjọ́-orí. Wọn á ní àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni wọ́n bí lágbájá, tàbí pé wọ́n bí tàmẹ̀dò ní ìgbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní oṣù karùn-ún ọdún 1947. Bí iṣẹ́ ìjọba bá béèrè ìwé-ẹ̀rí, ilé-ẹjọ́ ni wọ́n ń lọ láti búra ọjọ́-orí. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba sọ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni kí ó wá sílé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè ńlá dìde: báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó tó ọdún mẹ́fà?

ỌWỌ́ KAN ETÍ

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Olóyè S. O. Awókọ̀yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tí ó gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1954, bí 457,000 ọmọ ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà. Ní ọdún 1955 iye wọn ti ju 811,000 lọ. Ọdún kan ṣoṣo ni ó wà láàrin méjèèjì. Wọ́n tún gé ọdún mẹ́jọ kù sí mẹ́fà, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ módà ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kò bá ríbi wọ girama.

Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa yìí, ààlà kan wà tí àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀. Abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni Mushin wà nígbà náà, ṣùgbọ́n Yaba àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú Surulere, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ, wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Oṣù kìíní ọdún 1957 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé ìhà ti ìjọba àpapọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà méjì lè máa gbé ní ibi tí wọn kò jìnnà síra, kí ọ̀kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ láìsan kọ́bọ̀ ní 1955, kí bàbá èkejì sì máa wá owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún méjì sí i tàbí kí ó fi ọmọ sílé. Ní ọdún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ni gbogbo wọn tó bọ́ sábẹ́ òrùlé kan. Ẹ kò rí i pé kì í ṣe ọpọlọ ọmọ nìkan ni ó ń sọ ọjọ́-orí tí yóò fi wọlé? Ibi tí ìjọba fa ìlà sí náà ń sọ ọ́.

Nígbà tí kò sí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí, àwọn hẹ́dìmásítà ní ọgbọ́n kan. Wọn á ní kí ọmọ dúró ṣánṣán, kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kí ó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó tó. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó gba ibẹ̀ kọjá, bí kò bá sì ṣe ẹ̀yin, bàbá tàbí ìyá yín ni. Àwọn òbí ní ilé á máa fa ọwọ́ ọmọ, wọn á máa dán an wò láàárọ̀ láàárọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ń gùn mọ́jú.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe ọgbọ́n òmùgọ̀. Orí ọmọ jòjòló tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrú. Bí ó bá ń dàgbà, ọwọ́ á gùn bá orí, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méje. Ṣùgbọ́n apá ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe òye. Ọmọ tí ìran rẹ̀ kúrú, tàbí tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ, á tó ọdún méje kí ìka rẹ̀ tó kan etí. Ọmọ tí ó ga bí òpó á kan án ní ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn méjèèjì á wá pàdé ní kíláàsì kan, ọ̀kan ga, kò gbọ́n tó. Èkejì gbọ́n, kò ga tó.

Ẹ̀rí ohun tí a ń sọ yìí wà ní Gánà tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ méjì, Paul Glewwe àti Hanan Jacoby, gbé ìwádìí kan jáde lórí ìdí tí àwọn ọmọ Gánà fi ń pẹ́ kí wọ́n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n rí i pé àìjẹunre-kánú ní kékeré wà nínú rẹ̀: ọmọ tí kò dàgbà bí ó ti yẹ ni àwọn òbí máa ń dá dúró sílé. Ebi ni ó kọ́kọ́ mú ọmọ, lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tó fi í sílẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ LẸ́YÌN ỌDÚN MẸ́FÀ

Nígbà tí àwọn ọmọ ọdún 1955 ń parí kíláàsì kẹfà, ariwo ta pé ẹ̀kọ́ ti rẹ̀yìn. Àwọn kan ní ọmọ ti kéré jù. Ní ayé àtijọ́, ọmọ á ti gbó kí ó tó jókòó ṣe ìdánwò, ọdún mẹ́jọ ni yóò sì fi kàwé. Ní ìparí ọdún 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ìgbìmọ̀ Banjo, láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà tẹnu mọ́ ni pé àwọn tíṣà tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ pọ̀ jù. Bí ọmọ bá ju 350,000 lọ ní ọdún kan, níbo ni wọn yóò ti rí tíṣà kíákíá bẹ́ẹ̀? Bí a bá ń dá ọjọ́-orí ọmọ lẹ́bi, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ẹni tí ó dúró níwájú pátákó.

Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Ní Èkó, ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ, àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Alhaji Lateef Jakande, tí ó di gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ni ó kọ́ yàrá ìkàwé káàkiri, tí ó sì fòpin sí ìpín àárọ̀ àti ọ̀sán. Àwọn kan fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kò rẹwà. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tí ó ti ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán gangan, tí oorun àti ooru ń bá a jà, wá ń lọ ní àárọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní jù.

JẸ́LÉ-Ó-SINMI

Láti àwọn ọdún 1980 síwájú ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti gbilẹ̀ ní àdúgbò wa. Orúkọ tí Yorùbá fún ibi tí a ń kó àwọn ọmọ kéékèèké sí kò fi ohunkóhun pamọ́: jẹ́lé-ó-sinmi. Kí ọmọ lọ ṣeré níbòmíràn, kí ilé lè sinmi, kí ìyá lè ráyè lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni eré kúrò níbẹ̀, tí ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́-àṣetiléwá àti ìdánwò wọ inú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta wá ń gbé báàgì tí ó tóbi jù ú lọ.

Ìlànà ìjọba fún ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1977 ni pé ọdún mẹ́fà ni kí ọmọ fi ka ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Ní ti gidi, ọ̀pọ̀ ọmọ ní Surulere àti Yaba ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ń ti kíláàsì karùn-ún fò sí girama láìdé kíláàsì kẹfà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà, tí ó lo ọdún mẹ́fà, tí ó tún lo ọdún mẹ́fà ní girama, á parí ní ọmọ ọdún 18. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin, tí ó fo kíláàsì kan, á parí ní ọmọ ọdún 15.

Ìṣirò yìí gan-an ni ó dá ìjà sílẹ̀ ní ọdún 2024. Ní oṣù keje ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Ariwo ta, wọ́n gbà kí ọdún 16 ṣì tó fún ọdún yẹn. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, mínísítà tuntun, Dókítà Tunji Alausa, fagi lé òfin ọdún 18 náà. Ọdún 16 ni ọ̀rọ̀ padà sí. Gbogbo ìjà náà wà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kíláàsì kìíní ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún méjìlá ṣáájú.

ỌMỌ TÍ Ó DÀGBÀ JÙ ÀTI ỌMỌ TÍ Ó KÉRÉ JÙ

Kí wá ni àwọn onímọ̀ rí? Ní ọdún 2006, Kelly Bedard àti Elizabeth Dhuey gbé ìwádìí kan jáde lórí èsì ìdánwò ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tó ti lówó lọ́wọ́. Wọ́n fi àwọn tí ó dàgbà jù nínú kíláàsì wé àwọn tí ó kéré jù, nígbà tí ìyàtọ̀ wọn kò tó ọdún kan. Bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ bí wọ́n ṣe mọ̀wé sí, wọ́n rí i pé àwọn tí ó kéré jù máa ń wà lẹ́yìn àwọn tí ó dàgbà jù ní ipò mẹ́rin sí méjìlá ní kíláàsì kẹrin. Ní kíláàsì kẹjọ, ó ti dín kù sí ipò méjì sí mẹ́sàn-án.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún, oṣù mọ́kànlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó fi oṣù mọ́kànlá jù ú lọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ jù ú, ó ti di gègé mú pẹ́ jù ú, ó sì lè jókòó jẹ́ẹ́ jù ú. Fún ọmọ ọdún méjìlá, oṣù mọ́kànlá kan náà kò tó ìdá kan nínú méjìlá. Nítorí náà ni ìyàtọ̀ náà ṣe ń dín kù bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ní Norway, Sandra Black, Paul Devereux àti Kjell Salvanes wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí ọdún 18, ìwádìí wọn jáde ní 2011: ìyàtọ̀ tí ọjọ́-orí tí wọ́n fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ mú bá òye wọn kò tó nǹkan mọ́. Ọmọ Finland ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní ní ọdún méje, ọmọ Ìlú Ọba ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọdún márùn-ún tàbí ní kété tí ó pé e. Bí ó bá jẹ́ pé títètè bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n, ọmọ Finland ìbá ti di ẹni ẹ̀yìn tipẹ́.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí oṣù tilẹ̀ ń dín kù, orúkọ kì í dín kù. Ọmọ tí a ti pè ní olódo ní ọmọ ọdún márùn-ún lè gba orúkọ náà gbọ́ kí ọdún rẹ̀ tó bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéú ní Sátidé àti Sọ́ńdè ń rí i. Ọmọ tí ó ń gbẹ̀yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó láàrin ọ̀sẹ̀, nítorí pé òun ni àbúrò gbogbo wọn nínú kíláàsì, á jókòó ti wàláà tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, á sì máa lọ bí ẹṣin. Orí kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé níbi wàláà, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni a fi wọ̀n ọ́.

ỌMỌ TÍ Ó PẸ́ KÍ Ó TÓ DÉ

Ẹnìkan lè wá sọ pé: bí ọmọ tí ó dàgbà bá ń ṣe dáadáa jù, kí ló dé tí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó wà ní kíláàsì kẹta ní Mushin fi sábà máa ń wà lẹ́yìn? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́-orí ni ó dá a dúró. Ohun tí kò jẹ́ kí ó tètè wọlé ni ó ṣì ń bá a fínra. Bóyá ó ń kiri ọjà láàárọ̀ kí ó tó wá. Bóyá ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó jẹ́, tí òun ni ó ń fọ abọ́ nígbà tí àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́-àṣetiléwá. Bóyá àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tàbí ó tún kíláàsì kà lẹ́ẹ̀mejì láìsí ẹni tí ó jókòó tì í. Kí á kan dá ọmọ padà sí kíláàsì kejì kò lè wo irú èyí sàn, nítorí ọdún á pọ̀ sí i lọ́rùn rẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ á sì wà bí ó ti wà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìtìjú ni ó ń lé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ rántí pé àwọn bàbá wa kò ní ìtìjú yìí. Irùngbọ̀n kò lé wọn kúrò ní Sítáńdáàdì Sísì.

ÈDÈ TÍ ỌMỌ FI Ń RONÚ

Ohun kan ṣì kù tí a kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Èkó àti Mùsùlùmí bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọ̀nà. Kí ni èyí fi hàn wá? Ọmọ ọdún márùn-ún tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìṣirò ń gbé ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí, kí ó tó ro ohun tí ó béèrè. Ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ lè ru méjèèjì. Èyí tí ó kéré jù á sọ ọ̀kan kalẹ̀, àwa á sì ní kò mọ ìṣirò.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí á gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí fún ọmọ ní kété tí a bá ti sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọdún 1992 ni òfin àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan kí á forúkọ ìbí sílẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò tún fi máa wọn ọwọ́ mọ́ etí, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa fi ọdún kún ti ọmọ ní ilé-ẹjọ́. Irọ́ ni, ọmọ á sì ru irọ́ náà títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ fo kíláàsì, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú kíláàsì tí yóò fò náà, kí ẹ sì dán ọmọ wò nínú rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, tí ó sì gbó tó láti bá àwọn tí ó ju ú lọ gbé, ó dára. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àtẹ̀gùn tí a yọ kúrò níwájú rẹ̀ lónìí ni yóò ti ṣubú lọ́la. Bí ọmọ yín bá sì wà lára àwọn tí ó kéré jù ní kíláàsì, ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀, ẹ má ṣe fi ipò rẹ̀ wé ti ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan jù ú lọ. Èyí tí ó yẹ kí ẹ fi wé ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tíṣà, ti kéú àti ti òyìnbó, ẹ kọ oṣù ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yín. Kí ẹ tó na pàṣán, kí ẹ tó sọ pé olódo ni, ẹ kọ́kọ́ wo oṣù náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dàgbà ju ẹgbẹ́ yín lọ ní kíláàsì, ẹ má ṣe torí ẹ̀rín kúrò. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó dé ọjà ṣì lè rà, bí ó bá ti lè dúró. Ẹ̀yin tí ẹ sì kéré jù, ẹ má ṣe gba orúkọ tí wọn kò fi ṣe orúkọ àwọn àgbà yín.

A kò sọ pé kí ìjọba má ṣe fi ọjọ́-orí sí òfin. Ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣe láìní ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà kò sì lè ṣe láìní ìwọ̀n. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ìwọ̀n ọmọ. Ọdún mẹ́fà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ. Oúnjẹ tí ó jẹ, èdè tí ó gbọ́, tíṣà tí ó bá pàdé àti sùúrù tí àwọn òbí rẹ̀ ní ni yóò sọ bí yóò ṣe rìn nínú ilé náà. Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa tọ́ wọn, kí Ó fi ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní ta wá lọ́rẹ. Àmín.